FUS ń ṣẹ̀kán nínú túùbù, àmì rẹ̀ sì ń yọ nínú sẹ́ẹ̀lì: kí ló tó láti pè é ní condensate?

Akẹ́kọ̀ọ́_Sẹ́ẹ̀lì kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. FUS ni iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ dá lé, purotéènì tó máa ń di RNA mú, tí àbùkù inú jíìnì rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń fa àrùn ALS, èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń di condensate, ìyẹn ìkójọ purotéènì bí ẹ̀kán tí kò ní awọ. Bí a ṣe tò ó rèé.

Nínú túùbù: MBP-FUS-mEGFP (MBP ń jẹ́ kí FUS wà ní yíyọ́, mEGFP ló ń tàn), 50 µM, nínú HEPES 20 mM, pH 7.4, NaCl 500 mM àti DTT 1 mM. Láti inú fìrísà −80°C, orí yìnyín la ti ń jẹ́ kó yọ́. HEPES tí kò níyọ̀ rárá la fi ń bù ú là dé 1, 2, 5 àti 10 µM, lẹ́yìn náà la ó wá fi ẹ́ńsáìmù TEV gé MBP kúrò. Ní 5 àti 10 µM, omi rú. Ṣùgbọ́n lábẹ́ máíkírósíkóòpù, yàtọ̀ sí ẹ̀kán róbótó, àwọn kan wà tó ṣù págunpàgun, tí wọn kì í wọnú ara wọn. Fún FRAP (fífi lésà pa ìmọ́lẹ̀, ká wo bó ṣe ń padà), lésà pa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀kán kan tán pátápátá, 30% péré ló padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2.

Nínú sẹ́ẹ̀lì HeLa: FUS P525L-mEGFP (FUS tó ní ìyípadà P525L) lórí plasmid tó ní promoter CMV, èyí tó ń mú kí purotéènì pọ̀ gan-an. Ní wákàtí 24, àmì (ojú kéékèèké tó ń tàn) ti yọ káàkiri sáítópíláásìmù. Kẹ́míkà 1,6-hexanediol, tí wọ́n fi ń tú ẹ̀kán, 10% fún ìṣẹ́jú 10 pa wọ́n rẹ́.

Àwọn tó yẹ iṣẹ́ wa wò ní gbogbo èyí ò tíì tó láti sọ pé phase separation ni, ìyẹn pé purotéènì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú omi di ẹ̀kán. Kí ló wá tó? Kí ni mo lè ṣe láìra ẹ̀rọ tuntun?


Àgbà_Túùbù kọ:

Ẹ jẹ́ ká ti orí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́ wà. Tí ẹ bá fi bọ́fà tí kò níyọ̀ sọ 50 µM di 1 µM, iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ 10 mM. Ní 2 µM ó jẹ́ 20 mM, ní 5 µM 50 mM, ní 10 µM 100 mM. Ohun méjì ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. FUS a máa tètè ṣẹ̀kán níbi tí iyọ̀ bá ti kéré, nítorí náà 1 µM yín ló wà níbi tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, 10 µM ló wà níbi tó le jù fún un. Àwòrán tí ẹ bá yà láti inú èyí kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Iyọ̀ ìkẹyìn ni kí ẹ mú dúró sójú kan, ká ní 150 mM. Fún 5 µM, ìdá kan purotéènì sí ìdá mẹ́sàn-án bọ́fà tó ní NaCl 111 mM. Fún 10 µM, ìdá kan sí mẹ́rin, NaCl inú bọ́fà yóò sì jẹ́ 62.5 mM. Ẹ ò lè fi 50 µM yìí dé 16 µM, torí iyọ̀ tí purotéènì fúnra rẹ̀ gbé wá ti di 160 mM. Tí ẹ bá fẹ́ lọ sókè ju 10 µM lọ, ẹ jẹ́ kí purotéènì inú fìrísà ki tó 100 µM. Bọ́fà ọ̀tọ̀ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Èkejì, yìnyín. FUS wà lára àwọn purotéènì tí òtútù máa ń mú ṣẹ̀kán, ooru ló ń tú wọn ká. Orí tábìlì, ní nǹkan bíi 25°C, ni kó ti yọ́, kì í ṣe lórí yìnyín. Kó tó wọ fìrísà, ẹ pín in sí 10 tàbí 20 µL, nitrogen olómi ni kí ẹ fi dì í lójú ẹsẹ̀, èyí tó bá sì ti yọ́ kò gbọdọ̀ padà sínú fìrísà. Lẹ́yìn tó bá yọ́, ẹ yí i nínú sẹ́ńtífúùjì ní 20,000 g fún ìṣẹ́jú 10, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Omi tó tòrò lókè nìkan la ń lò, a sì gbọ́dọ̀ tún wọn kíki rẹ̀, torí kò ní tó 50 µM mọ́. Mo fura pé inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọn ò yọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣù págunpàgun yẹn ti wá.

Ẹ wo A260/A280 pẹ̀lú, ìyẹn bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ 260 nm sí bó ṣe ń gba ti 280 nm. Purotéènì tó mọ́ máa ń wà ní nǹkan bíi 0.57. Tó bá ti ju 0.7 lọ, RNA bakitéríà ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà tó bá ṣì wà lórí amylose, tí MBP ń lẹ̀ mọ́, ni kí ẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú NaCl 1 M àti RNase A (ẹ́ńsáìmù tó ń já RNA) 0.1 mg/mL, kí ẹ sì fi gel filtration, tó ń yà wọ́n bí wọ́n ṣe tóbi sí, parí rẹ̀. RNase A kò ju 14 kDa lọ, tiyín ju 120 kDa lọ, wọn ò ní jáde pọ̀. Ẹ má fi heparin nìkan ya wọ́n: RNase A náà máa ń lẹ̀ mọ́ heparin.

Ó wá kan c_sat, ìyẹn ààlà kíki tó jẹ́ pé bí purotéènì bá ti kọjá rẹ̀, èyí tó lé yóò kó ara jọ sínú ẹ̀kán, omi tó yí ẹ̀kán ká yóò sì dúró sí ìwọ̀n kan. Òun gan-an lẹ̀rí. Ẹ po 0.5, 1, 2, 4, 6, 8 àti 10 µM ní iyọ̀ kan náà, TEV kan náà (ìdá kan sí àádọ́ta ní ìwọ̀n wíwúwo), 25°C, wákàtí kan. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì SDS wò ó bóyá MBP ti já tán ní gbogbo wọn. TEV a máa falẹ̀ nínú iyọ̀ púpọ̀, èyí tí kò bá sì tíì gé tán yóò dà bí ẹni pé kò ṣẹ̀kán. Ẹ yí wọn ní 15,000 g fún ìṣẹ́jú 10, nínú sẹ́ńtífúùjì tó ti wà ní 25°C tẹ́lẹ̀. Tó bá tutù, òtútù á yí ààlà yẹn padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ẹ rọra fa 5 µL láti òkè, ẹ dà á sínú NaCl 1 M, kí ẹ sì wọn títàn mEGFP rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kán lóòótọ́, kíki omi òkè yóò máa gòkè pẹ̀lú ohun tí ẹ pò títí dé ààlà, lẹ́yìn náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. FUS odindi láìsí RNA, ní iyọ̀ bí ti inú sẹ́ẹ̀lì, máa ń ní ààlà yìí ní µM mélòó kan péré. Tí omi òkè bá ń lọ sílẹ̀ bí wákàtí ti ń lọ, nǹkan kan ń dì níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kán nìkan.

Ìdánwò tó yá jù lọ rèé, ìṣẹ́jú kan ló gbà: ẹ kán NaCl sí i títí yóò fi di 500 mM lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ̀kán á tú ká. Èyí tó bá ṣì jókòó síbẹ̀ ti dì. Ẹ má kàn ti iyọ̀ gun òkè réré o. Tó bá dé nǹkan bíi 3 M, FUS tún máa ń padà ṣẹ̀kán, agbára mìíràn ló ń fà á nígbà náà.


Ojú_Lẹ́ńsì kọ:

Ọ̀rọ̀ FRAP yẹn. Tí lésà bá pa ìmọ́lẹ̀ gbogbo ẹ̀kán, ohun tí ẹ ń wọ̀n ni bí purotéènì ṣe ń ti omi ìta wọlé, kì í ṣe bó ṣe ń rìn nínú ẹ̀kán. Purotéènì tó wà níta kéré gan-an sí ti inú, nítorí náà ẹ̀kán tó ṣàn bí omi náà lè ṣe 30% ní ìṣẹ́jú 2. Ojú tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1 µm ni kí ẹ pa, láàárín ẹ̀kán tó fẹ̀ tó 5 µm ó kéré tán. Ẹ yọ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn kúrò, ẹ fi ẹ̀kán kejì tí lésà ò kàn ṣe àtúnṣe fún èyí tí yíya àwòrán fúnra rẹ̀ ń pa. Ẹ má ṣe fi t½ (àkókò tí ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó ń padà fi padà) nìkan ṣe èsì, torí ojú tí ẹ pa bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, t½ á gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ sọ ọ́ di D, ìyẹn bí purotéènì ṣe ń yára rìn kiri: 0.22 × w² ÷ t½, w ni rédíọ́ọ̀sì ojú tí ẹ pa. Tí w bá jẹ́ 1 µm, tí t½ jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 2, D jẹ́ 0.11 µm² ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ìṣirò ojú pẹlẹbẹ ni, ẹ̀kán sì jẹ́ róbótó, àmọ́ ó tó láti fi ọjọ́ orí ẹ̀kán kan wé òmíràn.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì. Láti 2015 la ti mọ̀ pé ẹ̀kán FUS máa ń le bó bá ń pẹ́, pé èyí tó ní ìyípadà G156E sì máa ń yára di fọ́nrán ju FUS gidi lọ. Ẹ ṣe FRAP ní ìṣẹ́jú 10, wákàtí 1, wákàtí 4 àti wákàtí 8 lẹ́yìn TEV, kí ẹ kọ wákàtí náà sórí gbogbo àwòrán. Àwòrán FRAP tí kò sọ ọjọ́ orí ẹ̀kán kò wúlò fún mi.

Gíláàsì náà ń tan ènìyàn jẹ. FUS máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì òfìfo, á sì tẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀kán tó ti tẹ́ kò lè yíra lọ bá èkejì rẹ̀. Pluronic F-127 1% fún wákàtí kan, kí ẹ fi bọ́fà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kó má gbẹ láàárín. PEG-silane dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ bá ní in. Ẹ dé ojú kòtò rẹ̀ pa: 10 µL tí kò ní ìdérí máa ń gbẹ kíákíá, bó sì ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ àti purotéènì inú rẹ̀ ń ki sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà, kì í ṣe gbogbo purotéènì ló yẹ kó ní mEGFP. Ìdá 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún tó, kí ìyókù jẹ́ FUS tí wọn ò so nǹkankan mọ́. mEGFP fúnra rẹ̀ máa ń yọ́ dáadáa nínú omi, ó sì lè gbé ààlà sókè.


Oníṣẹ́_Sẹ́ẹ̀lì kọ:

Ti HeLa ni mo fẹ́ sọ. Hexanediol 10% fún ìṣẹ́jú 10 ti pọ̀ jù. Ó ń lu awọ sẹ́ẹ̀lì jò, sẹ́ẹ̀lì á sún kì, ohun inú rẹ̀ á sì máa jáde. Wọ́n tún fi hàn ní 2021 pé ó ń dín agbára àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lẹ fósífétì àti àwọn tó ń já a kù. Àmì tó sọnù lẹ́yìn irú ìyà bẹ́ẹ̀ lè ti sọnù fún ìdí mẹ́wàá. Tí ẹ bá máa lò ó rárá, 2 tàbí 3%, ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ máa ya fídíò lọ, kí ẹ sì fi 2,5-hexanediol ṣe ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, èyí tó fara jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ láti tú ẹ̀kán kéré. Ẹ rántí ohun tó ń ṣe gan-an: ìsopọ̀ àárín àwọn ẹ̀yà tó ń sá fún omi ló ń sọ di aláìlágbára. Condensate tó jẹ́ pé agbára iná, rere pẹ̀lú òdì, ló so ó pọ̀ lè má mira, síbẹ̀ kó ṣàn bí omi. Nítorí náà, pípòórá kò fi hàn pé ó ṣàn, àìpòórá kò sì fi hàn pé ó dì.

CMV ni ìṣòro tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Purotéènì tó bá pọ̀ tó yóò kó ara jọ níbikíbi. Ẹ mọ iye tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: ẹ gbé mEGFP tó mọ́, 0.1 sí 10 µM, sábẹ́ lẹ́ńsì kan náà pẹ̀lú lésà àti gain kan náà, kí ẹ fà á sórí ìlà, kí ẹ wá fi ka sẹ́ẹ̀lì yín. Lẹ́yìn náà ẹ pín sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí kíki wọn, kí ẹ ka iye tó ní àmì nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ pé ní 30 µM nìkan ni àmì ń yọ, nígbà tí FUS sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ jẹ́ µM mélòó kan, ẹ̀rí tí ẹ ní kò kan ìgbésí ayé sẹ́ẹ̀lì. Ojútùú tó dájú ni kí ẹ fi CRISPR so mEGFP mọ́ jíìnì FUS níbi tó wà.

Àmọ́ ẹ má retí pé omi òkè á tẹ́ pẹrẹsẹ nínú sẹ́ẹ̀lì bíi ti túùbù. Èròjà púpọ̀ ló jọ ń kọ́ condensate inú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ kan ní 2020 sì ti fi hàn pé ààlà yẹn máa ń sún kiri bí iye wọn bá ń yí padà.

P525L wà nínú àmì tí transportin-1 fi ń gbé FUS wọ núkílíọ̀sì. Ìdí nìyẹn tó fi ń há sí sáítópíláásìmù. Ṣé stress granule (ìkójọ mRNA àti purotéènì tó ń yọ nígbà tí ìyà bá ń jẹ sẹ́ẹ̀lì) wá ni àwọn ojú títàn yẹn? Ó rọrùn láti mọ̀:

Sodium arsenite, tó ń fìyà jẹ sẹ́ẹ̀lì, 0.5 mM fún ìṣẹ́jú 45, kí ẹ wo FUS pẹ̀lú G3BP1, purotéènì tí a fi ń dá stress granule mọ̀. Ẹ fọ arsenite kúrò, kí ẹ tẹ̀lé sẹ́ẹ̀lì kan náà fún wákàtí 3. Stress granule tòótọ́ á tú ká. Ní àwo mìíràn, cycloheximide 100 µg/mL pẹ̀lú arsenite: ó ń ti ríbósóòmù mọ́ orí mRNA, mRNA ò sì lè ráyè wọ inú granule, nítorí náà kò yẹ kó yọ rárá. Àmì tí kò bá ka cycloheximide sí, tí kò ní G3BP1, tí ó sì ní p62 àti ubiquitin, ìdìpọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń gbìyànjú láti kó dànù ni. Ẹ fi purotéènì DCP1A yọ P-body, ìkójọ RNA mìíràn, sọ́tọ̀.

Inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni kí gbogbo ìkà náà ti wá. PFA 4%, tí wọ́n fi ń mú sẹ́ẹ̀lì dúró sójú kan, lè dá àmì sílẹ̀ níbi tí kò ti sí, ó sì lè pa èyí tó wà rẹ́. Ó dá lórí bí purotéènì ṣe ń yára wọlé jáde sí bí PFA ṣe ń yára so wọ́n pọ̀.


Kẹ́mísìrì_Pọ́límà kọ:

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ PEG, pọ́límà tó ń mú kí inú bọ́fà há. Inú sẹ́ẹ̀lì há gádígádí, bọ́fà lásán kò jọ ọ́. PEG 8000 10% ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ẹ̀kán a sì yọ dáadáa.


Àgbà_Túùbù kọ:

A yọ dáadáa, òun gan-an ni mo fi ń sá fún un. PEG 10% lè mú purotéènì tí kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú condensate ṣẹ̀kán, ó sì ń fa c_sat wálẹ̀ débi pé ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín FUS gidi àti èyí tí ẹ ti ba ìsopọ̀ rẹ̀ jẹ́. FUS ò nílò rẹ̀ rárá. Tí purotéènì mìíràn bá nílò rẹ̀ dandan, ẹ ṣe é ní 0, 2.5, 5 àti 10%, ẹ tún ṣe é pẹ̀lú Ficoll 70, pọ́límà mìíràn, kí mEGFP nìkan àti MBP nìkan wà nínú PEG kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán tó bá wà nínú PEG ṣùgbọ́n tí kò sí nínú Ficoll, mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí.


Kẹ́mísìrì_Pọ́límà kọ:

Mo gbà fún FUS. Fún purotéènì tí c_sat rẹ̀ láìsí PEG jẹ́ 100 µM, mi ò tíì gbà. Ká fi síbẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí wọn yóò tún bi yín: kí ni ẹ̀kán náà ń ṣe? Pé ó wà kò túmọ̀ sí pé ó níṣẹ́. Láti 2009, nígbà tí Brangwynne, Hyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé P granule inú aràn C. elegans ń ṣàn, ó ń kán, ó sì ń dà pọ̀ bí omi, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni wọ́n ti pè ní condensate. Àwọn tí iṣẹ́ wọn dájú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Núkílíólọ́ọ̀sì ni mo máa ń tọ́ka sí: ìpele mẹ́ta ló ní, ọ̀kan nínú èkejì, FC, DFC àti GC láti inú síta. Ààlà àárín FC àti DFC ni rRNA ti ń jáde, purotéènì fibrillarin wà nínú DFC, purotéènì NPM1 wà nínú GC lóde, rRNA náà sì ń gba àtúnṣe bó ṣe ń lọ síta. Ìyàtọ̀ nínú bí ojú ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe ń fà ló mú kí wọ́n má dà pọ̀. Ẹ tún wo pyrenoid inú ewé omi Chlamydomonas, níbi tí purotéènì EPYC1 ti kó Rubisco, ẹ́ńsáìmù tó ń di CO₂ mú, jọ kí CO₂ lè pọ̀ láyìíká rẹ̀; láìsí EPYC1, ewé omi yẹn kì í dàgbà dáadáa bí CO₂ bá kéré.

Fún FUS, ẹ yí tyrosine inú apá iwájú rẹ̀ sí serine, àti ní ọ̀tọ̀, arginine inú apá rẹ̀ tí a ń pè ní RGG sí lysine. Méjèèjì ń gbé c_sat sókè. Ẹ wọn c_sat wọn nínú túùbù bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ lókè, kí ẹ wá wọn iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé arginine RGG yẹn náà ló ń di RNA mú, nítorí náà bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ̀kán tó sọnù ló fà á tàbí RNA. Bí wọ́n ṣe ń yọ ara wọn nínú rẹ̀ ni pé wọ́n á fi apá rírọ̀ purotéènì mìíràn tó mọ ẹ̀kán ṣe dí àlàfo tyrosine tí wọ́n bà jẹ́. Bí ẹ̀kán bá padà, tí iṣẹ́ náà sì padà, ọ̀rọ̀ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ̀kán bá padà tí iṣẹ́ ò padà, tyrosine yẹn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.


Akẹ́kọ̀ọ́_Sẹ́ẹ̀lì kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀. A260/A280 wa jẹ́ 0.9, ọ̀rọ̀ RNA yẹn wá bá wa gan-an. Ṣé RNA ń ràn án lọ́wọ́ ni àbí ó ń dí i lọ́wọ́? Ohun tí mò ń kà ń ta kora.


Àgbà_Túùbù kọ:

Kò ta kora, iye rẹ̀ ló yàtọ̀. RNA díẹ̀ ń so FUS pọ̀, torí okùn RNA kan lè di purotéènì púpọ̀ mú. Tí RNA bá wá pọ̀ jù, olúkúlùkù FUS á ti ní RNA tirẹ̀, agbára òdì á pọ̀, wọn á máa ti ara wọn dànù, ẹ̀kán á tú. Ìdí nìyẹn tí FUS fi ń wà ní yíyọ́ nínú núkílíọ̀sì, níbi tí RNA ti pọ̀, tó sì tètè ń kó ara jọ ní sáítópíláásìmù. Nígbà tí wọ́n gún RNase A sínú núkílíọ̀sì ní 2018, FUS ibẹ̀ dì pọ̀.

Ẹ fi FUS 5 µM, NaCl 150 mM, ṣe ìdúró, kí ẹ wá gbé RNA lé e ní 0, 10, 25, 50, 100, 250 àti 500 ng/µL. RNA kan náà, gígùn kan náà, torí èyí tó gùn ń so purotéènì púpọ̀ ju èyí tó kúrú lọ. RNA gbọ́dọ̀ ti wà nínú bọ́fà kí purotéènì tó wọlé, TEV kẹ́yìn. Tí ẹ bá da RNA lé ẹ̀kán tó ti wà, ó lè lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ nìkan, ẹ ó sì máa ka ohun tí kò tíì dọ́gba. Ẹ ka bí omi ṣe rú tó ní 350 nm lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì wo gbogbo kòtò lábẹ́ lẹ́ńsì, torí ìdìpọ̀ págunpàgun náà ń mú omi rú. Ẹ ó rí i tí yóò gòkè, tí yóò tún wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n 0.9 yẹn ò ṣeé fi ṣe é. Ẹ ò mọ iye RNA tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òdo yín kì í ṣe òdo. Ẹ padà sórí amylose, NaCl 1 M àti RNase A, gel filtration, kí ẹ sì fi RNA kan sínú purotéènì tuntun náà ní 37°C fún wákàtí kan, kí ẹ gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì. Bí RNA náà bá já wẹ́wẹ́, RNase ṣì wà lára rẹ̀.